Kimchi ní Ìjẹ̀bú-Òde: bí ẹ ṣe lè se oúnjẹ Kòríà nílé kí ará ilé sì bá yín jẹ ẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, gàrí tó kan ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, mi ò sì tíì wọ bààlúù rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá gbé lọ́dọ̀ mi nígbà tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ló kó ọ̀rọ̀ Kòríà wọ ilé wa. Á máa wo fíìmù wọn mọ́jú lórí fóònù, á máa pè mí pé "Àǹtí, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń jẹun, ẹ wo nǹkan pupa tó wà nínú àwo kékeré yẹn," èmi á ní kó lọ fọ àwo tiẹ̀ ná. Ìgbà tó yá lèmi náà jókòó tì í. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú fíìmù ló mú mi o, ìyá àgbà kan ló ń fọwọ́ po ata mọ́ ewé nínú báàfù ńlá, àwọn obìnrin àdúgbò pagbo yí i ká, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọ́n ń ṣòfófó, mo ní ah ah, ṣebí báyìí náà la ṣe ń jókòó bó ẹ̀gẹ́ níbi gàrí.

Ìdáná ìyá yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, súpámákẹ́ẹ̀tì lè dúró. Èmi ò tètè mọ̀yẹn ni. Mo wọ mọ́tò lọ Èkó, mo ra ike ata kan, ìgò omi ẹja kan, àti páálí kékeré kan tí mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ títí dòní, owó tí mo ná lọ́jọ́ yẹn mi ò lè sọ ọ́ létí ọkọ mi. Nígbà tí ata yẹn tán, mo wá jókòó, mo rò ó pé àwọn ìyá tó ń se nǹkan wọ̀nyí ní abúlé lọ́hùn-ún láyé àtijọ́, ohun tó wà láyìíká wọn náà kọ́ ni wọ́n fi ń sè é?

Ẹ wò ó. Ohun tó ń jẹ́ kimchi ò ju ewé tí wọ́n fi iyọ̀ pa títí tó fi rọ̀, tí wọ́n po ata, aáyù, atalẹ̀ àti edé oníyọ̀ mọ́, tí wọ́n wá dé mọ́lẹ̀ kó kan. Àwọn kòkòrò tíńtìntín tí ojú ò lè rí ló ń mú un kan, àwọn ìbátan wọn náà ló ń mú ògì kan, àwọn náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú àpò gàrí tí a gbé òkúta lé lórí. Gàrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ yìí, kí ló mú un yàtọ̀? Ṣebí pé wọ́n jẹ́ kó pẹ́ nínú àpò ni, ọjọ́ 3, ọjọ́ 4, àwọn míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó yan án. Ẹni tó lè rọ omi tútù sí gàrí yẹn kó fi ẹ̀pà sí i kó mu ún lọ́sàn-án gangan, kí ló tún ń bẹ̀rù nínú kimchi.

Irú ńkọ́? Àwọn ará Kòríà ní ẹ̀wà sóyà kan tí wọ́n ń pè ní cheonggukjang, wọ́n á se ẹ̀wà náà kó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, wọ́n á bò ó síbi tó móoru fún bí ọjọ́ 2 tàbí 3, á máa yọ̀, á máa fà, òórùn ẹ̀ á gba ilé kan. Irú ni jàre! Kòkòrò kan náà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis ló ń ṣe méjèèjì, tiwa lára èso igi irúgbá, tiwọn lára sóyà. Kódà lọ́hùn-ún náà àwọn kan máa ń sá fún òórùn ẹ̀ bí àwọn ọmọ Èkó kan ṣe ń fi ọwọ́ bomú tí wọ́n bá rí irú wa, ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ní a ò dá wà.

Àní ata gan-an, kì í ṣe tiwọn, kì í ṣe tiwa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí Columbus dé ọ̀hún ní 1492 ni ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e káàkiri ayé. Kó tó dé Kòríà, kimchi ò pupa. Wọ́n ṣì ń ṣe èyí tí ò ní ata títí dòní, baek kimchi lorúkọ ẹ̀, funfun ló túmọ̀ sí, tẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré tí ẹnu ẹ̀ ò gba ata, ìyẹn ni kẹ́ ẹ ṣe fún un.

Ó yá, ọjà. Èmi ọjà Òkè-Ajé ni mò ń ná, lẹ́yìn náà màá gba Sábó lọ bá àwọn mọ́là, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣágámù náà ní Sábó tiyín. Kábéèjì tiwọn gùn, ewé ẹ̀ tínrín, mi ò rí i rà níbí rí àfi lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó rí róbótó tí wọ́n ń kó bọ̀ láti òkè ọya náà ni kẹ́ ẹ rà, àwọn ará Kòríà fúnra wọn ń fi ìyẹn náà ṣe kimchi, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ẹ mú èyí tó wúwo lọ́wọ́ tí ewé ẹ̀ di mọ́ra, èyí tó fúyẹ́ tí inú ẹ̀ ń ró kẹ̀kẹ̀, ẹ dá a padà. Kùkúḿbà náà dáa, kimchi kùkúḿbà yá jùyẹn lọ, ẹ lè jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Èmi ti fi ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n dán an wò, mo rẹ́ ẹ wínníwínní, ó ń ró kàkàkà lẹ́nu, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò rí i nínú fíìmù rí, mo ní fíìmù Ìjẹ̀bú lèyí.

Ata ni ibi tí èèyàn ti máa ń ṣìṣe jù. Ata tiwọn, gochugaru, wọ́n ti sá a gbẹ, wọ́n ti yọ kóró ẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ kó rí wóróworo, ó pupa gan-an ṣùgbọ́n kò ta bí tiwa. Tẹ́ ẹ bá wá bu ata gígún tiwa iye tí wọ́n sọ nínú fídíò, Ọlọ́run ló máa yọ yín. Ohun tí mò ń ṣe ni pé màá ra tàtàṣé gbígbẹ ìwọ̀n méjì, ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ ìwọ̀n kan, màá fi sísọ́ọ̀sì là wọ́n, màá gbọn kóró wọn dànù, màá wá gún un nínú odó kékeré, kó má kúnná. Bíléńdà máa ń lọ̀ ọ́ kúnná jù, á wá dà bí ata súyà. Ẹ má lo rodo o. Rodo dùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀ á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, ẹ ó kàn jẹ ọbẹ̀ Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi kábéèjì sè.

Edé gbígbẹ lọ́jà pọ̀, ẹ lọ ṣíbí ìjẹun 3 kẹ́ ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ àti iyọ̀ rẹ ẹ́, ìyẹn ló máa dúró fún omi ẹja tiwọn. Ẹ ra ìrẹsì tí wọ́n fi ń ṣe túwó lọ́wọ́ àwọn mọ́là, màá sọ ìdí ẹ̀. Ẹ ra yànmọ̀tí. Sọ́ọ̀sì sóyà nìkan lẹ máa rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ìgò kan á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Kimchi wá nìyí, ẹ fara balẹ̀ níbí torí òun ló gba sùúrù jù. Kábéèjì tó bá tó 2 kílò, ẹ gé e ní ìwọ̀n tí ẹnu lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí omi ṣì wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọ́n iyọ̀ sí i, bíi ṣíbí ìjẹun 5 tó tẹ́jú. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ máa ṣàn án kúrò. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan àbọ̀ sí 2, ẹ máa yí i lójú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí tìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè. Tẹ́ ẹ bá mú ìdí ewé ẹ̀, ibi tó le yẹn, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ tí kò dá, ó ti tó. Bó bá ṣì ń dá pàkà, ẹ dúró sí i. Ẹ wá fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ tọ́ ọ wò, kó níyọ̀ díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí ọbẹ̀ níyọ̀ lọ, àmọ́ kó má ṣe dà bí omi òkun. Ẹ dà á sínú ajọ̀ kó ro dáadáa, ó kéré tán ìdajì wákàtí.

Bó bá ṣe ń ro lọ́wọ́, ẹ po ata. Àwọn ará Kòríà máa ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe ohun kan bí ẹ̀kọ mímu, òun ló ń jẹ́ kí ata lẹ̀ mọ́ ewé, tó sì tún ń jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kòkòrò wa kí iṣẹ́ tètè yá. Ẹ̀kọ kẹ̀! Èmi ò fi ìrẹsì ṣe mọ́ o, ògì funfun ni mò ń lò, ṣíbí 2 nínú ife omi kan, mo rò ó lórí iná títí tó fi ki díẹ̀, mo jẹ́ kó tutù pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ tutù, ẹ̀kọ gbígbóná á pa ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Odidi aáyù kan tẹ́ ẹ ti bó, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, àlùbọ́sà kan, ẹ lọ̀ wọ́n pọ̀, ẹ dà á sínú ẹ̀kọ, edé tẹ́ ẹ rẹ, ṣúgà ṣíbí kan, àti ata tẹ́ ẹ gún, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ife, ẹnu yín ló máa sọ èyí tó kù. Kárọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ rẹ́, àlùbọ́sà eléwé tẹ́ ẹ gé gígùn gígùn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé ọwọ́, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ pò ó mọ́ kábéèjì, ẹ má fi ṣíbí pò ó, ṣíbí ò mọ ibi tí ata ò dé. Ẹni tí ò bá wé ọwọ́ tó wá fi nu ojú, kó má pè mí.

Ẹ kó o sínú ike tàbí ìgò tó ní ìdérí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí títí omi ẹ̀ fi yọ tó bò ó. Ibi tí mo ti kan àbùkù rèé. Ti àkọ́kọ́ tí mo ṣe, inú mi dùn, mo kì í kún títí dé ọrùn, mo dé e pinpin bí ẹni ń dé gààsì, ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn, a wá lọ ibi ìkómọjáde kan ní Ìpẹru, a sùn síbẹ̀, ọjọ́ Àìkú la tó dé. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná, mo kàn gbọ́ ohùn wọn, "Ta ló bì sára ògiri mi?" Ìdérí ti fò lọ sórí fíríìjì, ata wà lára sílíǹgì, òórùn aáyù ò kúrò nínú kọ́tìnnì fún ọ̀sẹ̀ 2. Afẹ́fẹ́ ló ń jáde nínú kimchi bó ṣe ń kan, bí omi ògì ṣe máa ń hó ṣùùṣùù, tí kò bá rọ́nà gbà, á lànà fúnra ẹ̀. Torí náà ẹ má kún ún, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀ lókè, ẹ gbé e sínú abọ́ kan kí omi tó bá ń ṣẹ́ yọ máa dà síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ kó mí, kẹ́ ẹ fi ṣíbí tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ padà.

Ọjọ́ mélòó? Àwọn fídíò á sọ fún yín pé ọjọ́ 2 níta kẹ́ ẹ tó gbé e sí fíríìjì. Òtútù ibẹ̀ kọ́ ló wà níbí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwa, ọjọ́ kan péré ti tó, nígbà òjò ọjọ́ kan àbọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò, tó bá ti ń ta ẹnu díẹ̀ bíi mínírà tó ṣì ní gáàsì, ó ti dé nìyẹn. Tí iná NEPA bá wá ṣe bó ṣe máa ń ṣe, tó lọ fún ọjọ́ 4, kò bàjẹ́ o, á kàn máa kan sí i ni, ẹ gbé e sínú abọ́ omi tútù níbi tí oòrùn ò dé. Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dà á nù ni tó bá ti ní nǹkan bí irun lórí, funfun ni o, dúdú ni o, tàbí tó ń rùn bí ohun tó kú. Kíkan yàtọ̀ sí rírà, imú ọmọ Ìjẹ̀bú kò ní ṣàì mọ ìyàtọ̀ yẹn, imú tó mọ gàrí tó kan yàtọ̀ sí gàrí tó ti hu.

Èyí tó bá kan jù, òun gan-an ló dáa fún síse. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi òróró díẹ̀ dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà, kẹ́ ẹ wá da ìrẹsì àná sí i, ẹ da omi kimchi náà sí i, ẹ dín ẹyin lé e lórí, ìṣẹ́jú 10 oúnjẹ ti dé. Tàbí kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ìyẹ̀fun fúláwà àti omi kẹ́ ẹ dín in pẹlẹbẹ nínú páànù, kimchijeon nìyẹn. Màmá mi tó wá kí mi jẹ ẹ́, wọ́n ní ọ̀jọ̀jọ̀ yìí ṣe pẹlẹbẹ báyìí, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ máa jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo wá rin ewùrà pò ó mọ́ dípò fúláwà, mo fi ọwọ́ ju ú sínú òróró bí ọ̀jọ̀jọ̀ gidi. Kò sí ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà ṣàpèjúwe ẹ̀ fún yín, ẹ lọ dán an wò. Àwọn ọmọ á sì fi kimchi sí Índómì, ìyẹn ò gba àlàyé.

Ìrẹsì wọn máa ń lẹ̀ mọ́ra díẹ̀, òun ni wọ́n fi lè fi igi tínrín méjì tí wọ́n fi ń jẹun bù ú láì dà. Ìrẹsì tí a ń jẹ lójoojúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tò lọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe kimbap tí wọ́n ń fi ewé òkun ká, ṣe ló máa tú sí yín lára. Ìrẹsì túwó ló jọ tiwọn jù, kò gùn, ó rọ̀, ó ń lẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, ẹ rẹ ẹ́ fún ìdajì wákàtí, ife ìrẹsì kan sí omi ife kan àti díẹ̀, iná kékeré, ẹ má rò ó o, ẹ ò ṣe túwó.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láì ṣe wàhálà, bibimbap ni kó ṣe. Ìrẹsì nísàlẹ̀, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi lórí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹran díẹ̀, ẹyin díndín láàárín, ata díẹ̀, ẹni tó fẹ́ jẹun ló máa pò ó fúnra ẹ̀, pípò náà ni ìtúmọ̀ orúkọ ẹ̀. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ dáa níbẹ̀ ju ohunkóhun lọ: ẹ bọ̀ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fún omi ẹ̀ dànù, ẹ fi aáyù bíńtín, iyọ̀ àti yànmọ̀tí tẹ́ ẹ yan tẹ́ ẹ gún pò ó. Òróró yànmọ̀tí wọ́n gógó, èmi ń yan yànmọ̀tí kó pọ́n díẹ̀, màá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú òróró ẹ̀pà, òórùn ẹ̀ ò jìnnà sí tiwọn.

Ẹran wọn, bulgogi, mọ́là tó ń ṣe kílíṣí ló mọ̀ ọ́n gé jù. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín la ẹran màlúù tínrín bó ṣe ń la ti kílíṣí, tí kò bá gbà, ẹ gbé ẹran sínú ibi tó ń di yìnyín fún wákàtí kan kó le díẹ̀, ọ̀bẹ á lè gé e tínrín. Sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí 4, ṣúgà 2, aáyù, àlùbọ́sà tẹ́ ẹ lọ̀, yànmọ̀tí, fún ẹran ìdajì kílò. Wọ́n máa ń fi èso kan tí wọ́n ń pè ní pear sí i kí ẹran lè rọ̀, ẹ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó rọ́pò ẹ̀, ṣíbí kan péré. Mo ní ṣíbí kan. Èmi fi ìdajì ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i nígbà kan, mo fi sílẹ̀ mọ́jú, ẹran rọ̀ jù, ó dà bí èyí tí wọ́n ti jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì wákàtí ti tó, kẹ́ ẹ wá dín in lórí iná ńlá kíákíá.

Gochujang, ata kíki yẹn tó wà nínú gbogbo nǹkan wọn, mi ò ní purọ́ fún yín, kò sí èyí tó jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀. Ata, ìrẹsì tó ń lẹ̀, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti bò bí irú àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á dà á sínú ìkòkò amọ̀, ìkòkò náà á wà níta nínú oòrùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tẹ́ ẹ bá rí i rà, ẹ rà á. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, mo máa ń ro ògì kó ki bí ẹ̀kọ tí a fẹ́ pọ́n, ìdajì ife, màá fi tàtàṣé gbígbẹ tó kúnná ṣíbí 3, irú pẹ̀tẹ̀ ṣíbí kan, oyin 2, iyọ̀ ṣíbí tíì kan, màá rò ó lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 5. Á pupa, á dùn, á ní ìjìnlẹ̀ díẹ̀ nínú. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́ tán nínú fíríìjì.

Òun la máa fi se tteokbokki, èyí tí àwọn ọmọ ń pariwo jù, nǹkan funfun gbọọrọ nínú ata pupa. Ìrẹsì ni nǹkan funfun yẹn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á wá gún un. Gún un! Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mo dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ gbé odó. Ẹ rẹ ìrẹsì túwó mọ́jú, ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀ ro, ẹ lọ̀ ọ́ láì fi omi púpọ̀ sí i (ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọta o, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pọ́n kó tó dé ilé), ẹ sẹ́ ẹ, iyọ̀ díẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e lórí omi híhó bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín, ìṣẹ́jú 25. Ẹ dà á sínú odó nígbà tó ṣì gbóná, ẹ gún un títí á fi máa fà bí iyán. Òróró díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ yí i gbọọrọ bí ìka, ẹ gé e. Ẹ wá bọ orí ẹja gbígbẹ àti edé nínú omi ife 3, ẹ sẹ́ ẹ, gochujang ṣíbí 2, sọ́ọ̀sì sóyà kan, ṣúgà kan, ẹ da ìrẹsì gbọọrọ náà sí i, kó hó fún bí ìṣẹ́jú 10 títí ọbẹ̀ ẹ̀ á fi ki. Kí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbígbóná, tó bá ti tutù ó ti di rọ́bà. Àmọ́ ẹ fọ odó yẹn dáadáa kó tó di pé wọ́n gún iyán nínú ẹ̀, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó wá ku pípín. Ẹ máa rántí ìyá àgbà inú fíìmù yẹn: kimjang ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe, kí òtútù tó dé, ẹbí àti aládùúgbò á kó ara wọn jọ ṣe kimchi rẹpẹtẹ, oníkálùkù á gbé tiẹ̀ lọ ilé. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé tọ́jú ní 2013, ti àríwá Kòríà náà wọlé ní 2015. Torí náà ẹ má dá kimchi ṣe bí ẹni ń ṣe àgbo. Èmi máa ń pe Ìyá Ìbejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa àti Alhaja òdìkejì, kábéèjì 6 lẹ́ẹ̀kan, oníkálùkù gbé ìgò tiẹ̀ wá. Alhaja ló ń gún ata, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá wọn dá sí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún àlejò jẹ, gbogbo nǹkan lẹ máa gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìrẹsì oníkálùkù lọ́tọ̀, àwọn àwo kéékèèké láàárín tí gbogbo ọwọ́ ń bù nínú ẹ̀, banchan lorúkọ wọn. Ti bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni nílé wa. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ gbé ṣíbí kí àgbà tó gbé e, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ìyá ọkọ mi gbọ́ èyí, wọ́n ní "Àwọn ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn," àtọjọ́ náà ni wọn ò bú oúnjẹ mi mọ́. Ẹ má fi igi méjì yẹn há ẹnikẹ́ni mọ́, ṣíbí làwọn ará Kòríà fúnra wọn fi ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣeré kó fi mú kimchi. Ata, ẹ gbé e sínú àwo tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tí Mùsùlùmí bá wà láàárín àlejò, ẹ fo ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ fídíò wọn, ẹ wò ó dáadáa tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ da ọtí díẹ̀ sí ẹran, omi ni kẹ́ ẹ dà sí i.

Iléyá tó kọjá, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ Ojúde Ọba, ilé kún, gbogbo èèyàn ń ti pápá bọ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, ẹran iléyá ṣì pọ̀ nílẹ̀. Mo la díẹ̀ tínrín mo fi ṣe bulgogi, mo gbé kimchi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì. Àwọn bàbá kan wò ó, wọ́n bèèrè àmàlà. Ẹ fún wọn ní àmàlà, kí ìjà má bàa wà. Àwọn ọ̀dọ́ ló pa á tán, nígbà tó yá mo rí bàbá kan náà tó ń mú kimchi lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan láti inú àwo ọmọ ẹ̀, ó ń fi í jẹ àmàlà.

Mo bu abọ́ kan ránṣẹ́ sí ìyá àgbà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa tí kò lè jáde mọ́. Abọ́ náà padà dé lálẹ́, ìkọ́kọrẹ́ ló kún inú ẹ̀, ó ṣì ń gbóná. Mo bu ú jẹ, mo rí nǹkan pupa kan tó ń ró kàkàkà lábẹ́ eyín mi. Ìyá ti rẹ́ kimchi mi sínú ìkọ́kọrẹ́ wọn, wọ́n sì ní kí ọmọ tó gbé e wá sọ fún mi pé tí mo bá tún máa ṣe é, kí n dín atalẹ̀ kù.